Méjì Tó Jọra Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ní gbogbo abúlé tó wà létí omi ní erékùṣù Vavaʻu, kò sí ilé tí arákùnrin àti arábìnrin ti ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn bíi ti ilé Vaimoana. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ẹ má bi Vaimoana fúnra rẹ̀ o, nítorí bí ẹ bá bi í, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Àwọn ilé yòókù ti jẹ́ kí ayé òde òní ba tiwọn jẹ́: ẹ ó rí ọmọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ jókòó lórí ẹní kan náà, tí wọ́n jọ ń gbọ́ rédíò, tí wọ́n tún ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé Vaimoana, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ohùn Kepueli, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í ki ni ìyá àgbà kó ẹní ọmọ náà jáde sínú ahéré kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí Latai àbúrò rẹ̀ bá wà nínú ilé, Kepueli kì í wọlé. Bí Kepueli bá sì kọ́kọ́ wọlé wá jẹun, Latai á dúró sídìí ààrò títí yóò fi ṣe tán. Ọ̀kan á jáde, ọ̀kan á jókòó. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ilé sì tòrò.

Bí wọ́n bá wá ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ ńkọ́? Ẹnu Vaimoana lọ̀rọ̀ ń gbà. "Ìyá àgbà, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹja ti jinná." "Ìyá àgbà, ẹ sọ fún Latai pé òjò ń bọ̀, kó ká aṣọ." Òun ló ń gbé e lọ, òun ló ń gbé e bọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n gbé. Bí Kepueli bá fìbínú pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ẹ bá mi bi í, ṣé ojú ẹ̀ fọ́ ni, tó fi da omi ẹja sórí ìwé mi?" ohun tí Latai máa gbọ́ nínú ilé ni pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Ó ní kí o máa rọra da omi." Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n yẹn ni Vaimoana fi tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì dàgbà láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, tí ìyá wọn sì bá ọkọ mìíràn lọ sí erékùṣù tó jìnnà réré.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, kásẹ́ẹ̀tì kan ti ìlú Auckland lókè òkun dé. Lavinia ló fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọbìnrin Vaimoana, ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí Vaimoana ló bí Lavinia, ọ̀rọ̀ bùṣe. Arábìnrin bàbá ni olórí lórí ọmọ arákùnrin rẹ̀. Bó bá ní kí ọmọ yà sí ọ̀tún, ta ni yóò sọ pé òsì?

"Ìyá mi, mo kí yín o," ni Lavinia wí nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, tí ọmọ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. "Wàhálà àwọn ọmọ kéékèèké yìí fẹ́ pa mí, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ò sì jẹ́ kí n gbélé. Ẹ gbọ́, Latai ti dàgbà. Bó bá yege ìdánwò Fọ́ọ̀mù Fáìfù yìí, mo yọ̀ǹda, kó máa kàwé ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá yege, kí ló tún ń wá nílé? Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kó wá bá mi tọ́jú ọmọ."

Latai gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó gbé garawa, ó lọ pọn omi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ohun èlò ilé ló kún fún omi. Láti kékeré lọmọ yìí ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Adìẹ tó bá ṣẹ́sẹ̀ ní àdúgbò, òun ló ń di igi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó mọ èdè, ó mọ ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, ó mọ ìtàn. Ìṣirò nìkan ló ń bá a jà, nínú ìṣirò náà, orí gbòǹgbò nọ́ńbà, èyí tí òyìnbó ń pè ní "square root", lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ wọn ni, wọ́n ti gbé e lọ sí erékùṣù ńlá ní ìdajì ọdún. Ẹni tí wọ́n fi dí àyè rẹ̀ ń ka ìwé sókè ni ṣáá bí ẹni ka Bíbélì, bí wọ́n bá sì bi í ní ìbéèrè, á tún padà ka ojú ewé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kepueli ńkọ́? Kepueli wà ní Fọ́ọ̀mù Síìsì ní ilé-ìwé àwọn ọmọkùnrin, ìṣirò kò sì ju kókò sísè lọ lójú rẹ̀. Vaimoana rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Olùkọ́ wà lẹ́yìnkùlé mi, mo ń wá olùkọ́ kiri," ló sọ fún ara rẹ̀. "Èmi ni n ó máa gbé e fún wọn."

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Vaimoana gbé ìtì igi tó fi ń lu èèpo igi di aṣọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó jókòó tì í, ó gbé òòlù rẹ̀ lé e. Aṣọ èèpo igi tí yóò jẹ́ ti Latai lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló ń lù, ó ti ń lu ú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Latai wà nínú ilé pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Kepueli wà nínú ahéré pẹ̀lú tirẹ̀. Kepueli ti ṣe ìṣirò kan sínú bébà kékeré, ó ti fi ránṣẹ́.

"Ìyá àgbà," Latai ké láti inú ilé, "ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè ní gbòǹgbò èjì lọ́nà gbòǹgbò ẹ̀fà. Ó kọ ọ́ síbí pé ìdáhùn jẹ́ èjì lọ́nà gbòǹgbò ẹ̀ta. Báwo ló ṣe dé ibẹ̀?"

Vaimoana dìde, ó di ìbàdí mú, ó gba abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù kọjá. "Kepu, àbúrò rẹ ní báwo lo ṣe dé ibẹ̀."

Kepueli fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì kan sára ilẹ̀kùn ahéré: √. "Ìyá àgbà, ẹ wo àmì yìí. Ṣé kò jọ òrùlé?"

"Òrùlé tí ìjì ti gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé ni ká pè é. Èjì wà nínú ilé tirẹ̀, ẹ̀fà wà nínú ilé tirẹ̀. Bí a bá ní ká fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ohun àkọ́kọ́ ni pé ká kó wọn sábẹ́ òrùlé kan náà."

"Abẹ́ òrùlé kan náà kẹ̀? Kepueli!"

"Nọ́ńbà ni, Ìyá àgbà."

"Nọ́ńbà náà ní ilé tó ti wá. Máa sọ ọ́ lọ, mò ń gbọ́."

"Èjì lọ́nà ẹ̀fà, èjìlá. Èjìlá ló wà nínú ilé báyìí. Ẹ tú èjìlá palẹ̀, ẹ wo àwọn tó bí i: èjì kan, èjì kan, ẹ̀ta kan. Ṣé ẹ rí i pé èjì di méjì níbẹ̀? Méjì tó jọra kì í gbé inú ilé yìí. Bí wọ́n bá ti pé méjì, àwọn méjèèjì á kúrò ńbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo la ó kọ síta dípò wọn. Ẹ̀ta tí kò ní èkejì, òun nìkan ló máa kù sínú ilé. Ó tán."

Kepueli fi ṣọ́ọ̀kì kọ èjì síta òrùlé náà, ó kọ ẹ̀ta sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Vaimoana. Háà! Méjì tó jọra kì í gbé inú ilé kan náà! Àwọn nọ́ńbà yìí mà gba ẹ̀kọ́ ilé o, ju àwọn ọmọ Seini aládùúgbò tó wà lódìkejì lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó yí padà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bọ̀ lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ohun kan ń gún un lọ́kàn. Àwọn méjèèjì á kúrò? Ta ni yóò wá máa ṣọ́ ilé? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí arákùnrin bá wọlé, arábìnrin á jáde. Bí arábìnrin bá wà nílé, arákùnrin á dúró síta. Ọ̀kan ló ń jáde. Ìkánjú ti ba ọmọ yìí jẹ́, ẹnu ẹ̀ máa ń yára ju orí ẹ̀ lọ. Kí Vaimoana tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ti bá Kepueli tún un ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ," ó ní. "Ó ní àmì yẹn, ilé ni. Kí o kó àwọn tó wà níbẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan náà, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni o. Kí o tú wọn palẹ̀. Méjì tó bá jọra, ọ̀kan á jáde, ọ̀kan á jókòó."

"Ọ̀kan á jáde, ọ̀kan á jókòó," Latai tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Bíi tiwa."

"Bíi tiyín gẹ́lẹ́."

Latai tẹ orí mọ́ ìwé. Ó pẹ́ díẹ̀. "Ìyá àgbà, ṣùgbọ́n bí èjì kan bá jáde, tí èjì kan jókòó ti ẹ̀ta, ẹ̀fà ló yẹ kó wà nínú ilé. Ẹ̀ta ni ẹ̀gbọ́n mi kọ."

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ì bá ti tán wọ́ọ́rọ́. Ìyá àgbà ì bá dìde, kó tún padà lọ béèrè. Ṣùgbọ́n orúnkún ń ro ó, ó sì dá a lójú. "Àṣìkọ ni," ó ní. "O ṣáà mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Pa á rẹ́."

Latai pa ẹ̀ta rẹ́, ó kọ ẹ̀fà. Ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tí ọ̀nà là fún. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ń ṣe ìṣirò, tó ń kọrin ìjọ jẹ́jẹ́, tí ìyá àgbà sì ń lu èèpo igi rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ilé-ìwé fún wọn ní ìdánwò àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ de ìdánwò gidi tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì.

Nígbà tí bébà yẹn padà wálé, pupa ni láti òkè dé ilẹ̀. Latai gbé e sí ẹsẹ̀ ìyá àgbà, kò kí i, kò bọ́ aṣọ ilé-ìwé, ó kọjá lọ sí etí òkun. Ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tó ti fọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé.

Seini ló kọ́kọ́ rí i. Seini ni aládùúgbò Vaimoana, opó bíi tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ti jọ ń jà tí wọ́n sì jọ ń jẹun láti ìgbà ọmọge. Ó na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Vaimoana! Kí ni wọ́n fi ṣe ọmọ rẹ tó ń sunkún létí omi?"

"Ojú ẹ ni kò dáa. Afẹ́fẹ́ òkun ló kó sí i lójú."

"Afẹ́fẹ́ tí mo gbọ́ ohùn ẹkún ẹ̀ láti ibí?"

Vaimoana dìde. Ó mú bébà náà, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ń rí Latai ní Auckland, tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn nínú òtútù, tí kò sí ẹni tó ń pè é ní nọ́ọ̀sì.

"Wò ó fún mi, Kepu. Ṣé orí ọmọ náà ò gbé e ni?"

Kepueli gba bébà. Ó kọ́kọ́ ń pòṣé. Nígbà tó yá, kò pòṣé mọ́. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń tọ́ka láti ìlà dé ìlà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sínú ara rẹ̀. "Gbòǹgbò àádọ́ta, ó kọ èjì àti àrún sínú ilé, àrún síta. Gbòǹgbò méjìdínlógún, ọ̀nà kan náà. Èyí náà, ọ̀nà kan náà." Ó gbójú sókè. "Ìyá àgbà, ọmọ yìí kò ya òpè. Ẹni tí kò mọ̀ á ṣìnà síbí, á ṣìnà sọ́hùn-ún. Ibì kan náà ni Latai ń gbà ṣìnà ní gbogbo ẹ̀. Ó tú u palẹ̀ dáadáa, kò ṣi ẹyọ kan. Ìgbà tó bá wá kù kí wọ́n jáde, ó máa ń dá ọ̀kan padà sínú ilé. Ẹnìkan ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Vaimoana ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá àgbà. Kí lẹ sọ fún un?"

"Ohun tí o sọ ni mo sọ."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Mo tún un ṣe díẹ̀."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"O ní àwọn méjèèjì á jáde! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Mo ní ọ̀kan á jáde, ọ̀kan á jókòó, bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí máa ṣe. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣé kí n má fi tọmọ jẹ́ ẹ ni?"

"Nọ́ńbà kì í ṣe ẹrú, kì í sì í ṣe ọmọ, Ìyá àgbà!" Kepueli ké mọ́ ọn. "Bí wọ́n bá ṣe rán yín ni kẹ́ ẹ jẹ́ ẹ!"

Kò jágbe mọ́ ìyá àgbà rí láyé ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnu mi ló ṣì." Ṣùgbọ́n Vaimoana kò bínú. Ojú ló ń tì í, ìtìjú náà sì gbóná. Ọdún méloo ló ti fi ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, tó ń gbọn èyí tí kò dára kúrò lára rẹ̀, tó ń fi oyin sí i? Ó rò pé òun ń ṣe é fún wọn ni. Wàyí o, ọmọ tó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un láìyẹsẹ̀ wà létí òkun, ó ń sunkún pé òpònú lòun. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Òun Vaimoana ló sì tẹ́ yìí, kì í ṣe ẹlòmíràn.

"Ó dáa," ó ní. "Dìde. Ìwọ lo máa sọ fún un fúnra rẹ."

Kepueli fò sókè bí ẹni tí eèrà jẹ. "Èmi? Ìyá àgbà, ẹ lọ sọ fún un pé àwọn méjèèjì ló ń jáde, ó tán."

"Bó bá bi mí ní nǹkan mìíràn ńkọ́? Ṣé èyí nìkan ló wà nínú ìdánwò? N ó tún un ṣe, Kepu. Mo mọ ara mi. Kí n tó dé abẹ́ igi yẹn, n ó ti tún un ṣe."

"Ṣùgbọ́n inú ilé ló máa wà! Ẹ̀yin lẹ fi ìgbálẹ̀ nà mí lọ́jọ́ tí mo gbàgbé tí mo wọlé bá a."

"Mo mọ̀."

"Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Èmi ni wọ́n máa sọ ọ́ fún. Ìgbálẹ̀ yẹn, mo ti jù ú nù."

Ó lọ mú Latai wá láti etí òkun, kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó mú aṣọ èèpo igi tó ti lù tán, ó ta á sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn láti òkè dé ilẹ̀. Latai jókòó sínú, ó kọ ẹ̀yìn sí aṣọ. Kepueli jókòó síta, òun náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì di ẹní ìbàdí, èyí tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni ńlá, mọ́ ara bí ẹni tó fẹ́ lọ síwájú ọba. Vaimoana jókòó sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà níbi tó ti lè rí àwọn méjèèjì.

Ṣé Seini á wá dákẹ́? "Vaimoana!" ó pariwo láti òdìkejì. "Ṣé ojú mi ni, àbí ọmọkùnrin rẹ ló jókòó ti ilé tí arábìnrin ẹ̀ wà? Ilé ọlọ́wọ̀! Ilé tí ẹ ní ká wá fi ojú kọ́ṣẹ́!"

"Ojú rẹ ò ṣe ọ́. Wò ó dáadáa, kó o rí nǹkan rò lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nílé yín náà!"

"A ti bẹ̀rẹ̀. Máa lọ wo iṣu rẹ, ó ń jóná."

Iṣu Seini ń jóná lóòótọ́. Ó sáré wọlé. Kepueli la ẹnu, ó pa á dé. Òógùn ń sàn lọ́rùn rẹ̀.

"Latai," ó ní.

Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ yẹn mọ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Nínú ilé, Latai gbé ìwé kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń gbọ́."

"Ìṣirò tí o ṣe, o fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Ibì kan péré ló kù. Méjì tó bá jọra, àwọn méjèèjì ló ń jáde. Kò sí èyí tó ń jókòó. Bí wọ́n bá dé ìta, ẹyọ kan la máa ń rí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹyọ kan yẹn. Nítorí èjì lọ́nà èjì ni ẹ̀rin, gbòǹgbò ẹ̀rin ò sì ju èjì lọ."

Wọ́n gbọ́ ìró bébà nínú ilé. Lẹ́yìn náà Latai ké. "Ẹ̀ta yẹn tọ̀nà nígbà náà! Ẹ̀ta tí ẹ kọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní! Mo pa á rẹ́!"

"O pa á rẹ́? Ta ló ní kó o pa á rẹ́?"

Latai dákẹ́. Kò fẹ́ sọ. Ibi tó dákẹ́ sí yẹn ló dun Vaimoana jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

"Èmi ni," ìyá àgbà ní. "Èmi ni mo ní kó pa á rẹ́. Èmi ni mo ní kí ọ̀kan jókòó. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀. Latai, èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà, ọmọ mi."

Ọmọ náà tún bébà pupa náà wò. "Ṣé kì í ṣe pé orí mi ò pé, Ìyá àgbà?"

"Orí rẹ pé. Orí tèmi ni kí o bá mi gbé yẹ̀ wò."

Latai bú sẹ́rìn-ín, ó ń sunkún mọ́ ọn. Kepueli náà ń rẹ́rìn-ín níta, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Vaimoana fi etí aṣọ èèpo igi nu ojú ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti wá kíyè sí aṣọ náà. Awẹ́ méjì ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayé àwọn ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn: awẹ́ èèpo méjì, a ó fi àlẹ̀mọ́ gbígbóná lẹ̀ wọ́n mọ́ra, aṣọ kan ṣoṣo ni yóò sì bọ́ síta.

"Ó dà bí aṣọ yìí," ó ní. "Awẹ́ méjì ló wọ inú ẹ̀. Ta ló lè rí èkejì mọ́?"

"Ìyá àgbà!" Kepueli ní. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ìyẹn fún un látọjọ́ yìí?"

"Ta ló bi mí?"

Látìgbà náà, wọn ò bi í mọ́. Ìbéèrè ń jáde láti inú, ìdáhùn ń wọlé láti ìta, wọ́n ń já lu ara wọn, kò sí ẹni tó ní "Ìyá àgbà, ẹ bá mi sọ." Kepueli ń sọ ọ́ kíákíá, Latai ń dá a dúró: "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ mi ò gùn tó tiyín." Vaimoana jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú òòlù lórí itan, kò rí iṣẹ́ ṣe. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì ń dùn ún.

"Ẹ̀ta yìí ńkọ́?" Latai béèrè. "Kí la máa ṣe fún un?"

"Kí la fẹ́ ṣe fún un? Kò ní èkejì. Á jókòó sínú ilé títí ayé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ẹni tó jókòó ti wọ́n, ẹ̀rín náà gé. Ó ti pẹ́ tí ìyá àgbà ti sin ọkọ, tó ti sin ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí.

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," Vaimoana ní. "Èmi ni mo bí ẹni tó bí yín, ẹ̀rín yín ò lè pa mí."

Ojoojúmọ́ ni Kepueli ń jókòó ti aṣọ yẹn títí ọjọ́ ìdánwò fi pé. Abúlé sọ ọ́ títí, ó sú wọn. Pásítọ̀ pàápàá fi ọgbọ́n mẹ́nu kàn án nínú ìwàásù, Vaimoana sì kọ orin tó tẹ̀ lé e sókè ju gbogbo ìjọ lọ. Nígbà tí àkókò tó, rédíò ka orúkọ àwọn tó yege láti olú-ìlú Nukuʻalofa, gbogbo ilé dákẹ́ láti gbọ́. Orúkọ Latai jáde. Latai fò mọ́ ìyá àgbà, wọ́n jọ ṣubú sórí ẹní. Láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn ọkùnrin kan hó bíi ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Vaimoana wá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, ó sún mọ́ ọn. "Lavinia, ọmọ mi, mo kí ọ. Latai yege. Wá ẹlòmíràn." Ó pa á.

Ẹnu rẹ̀ sì ti gba gbogbo ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ohun tí kò rò mọ́ ọn ni pé Kepueli náà yege tirẹ̀, wọ́n sì gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní erékùṣù ńlá. Ibẹ̀ náà ni Latai ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló sì máa gbé wọn.

Ní èbúté, Kepueli lọ dúró níwájú ọkọ̀, Latai jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ilé. Vaimoana wò wọ́n, orí rẹ̀ wú. Bí ọkọ̀ ṣe ń yà kúrò lẹ́bàá èbúté, ni Kepueli bá ké láti iwájú ọkọ̀ kọjá lórí gbogbo èrò: "Latai! Ṣé o mú oúnjẹ tí Ìyá àgbà dì?" Latai sì ké padà, "Mo mú un, ẹ̀gbọ́n mi!" Àwọn àgbà inú ọkọ̀ ń wo ara wọn. Vaimoana rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi yípo òkè, tí kò rí i mọ́.

Ó padà délé. Ilé dákẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó jáde, kò sí ẹni tó yẹ kó jókòó de ẹlòmíràn. Ó rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Lára ilẹ̀kùn ahéré, ṣọ́ọ̀kì Kepueli ṣì wà níbẹ̀, òjò kò tíì fọ̀ ọ́: èjì níta, òrùlé tí ìjì gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀ta lábẹ́ rẹ̀. Vaimoana kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà. Ó dúró wò ó pẹ́. Àwọn méjèèjì ti jáde. Ó fi ìka kan ẹ̀ta yẹn.

"O kú ìjókòó," ó sọ fún un. Ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti èbúté wá gbọ̀n ọ́n, ó jẹ́ kó wá. Ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní, kò gbé òòlù.

"Vaimoana!" Seini ni. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kan ilẹ̀kùn rí láyé ẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú òòlù tirẹ̀ lábẹ́ apá, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. "Sún síhìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ ilé rẹ ti ń dí mi létí láti àárọ̀." Ó jókòó tì í gbì.

Àwọn opó méjì jókòó lábẹ́ òrùlé kan. Vaimoana wo Seini láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ìṣirò ni."

"Ìṣirò kẹ̀! Ọjọ́ wo lo mọ ìṣirò?"

"Mo mọ díẹ̀." Vaimoana nu ojú, ó dìde, ó gbé òòlù rẹ̀. "Dìde, Seini. Àwọn obìnrin ti ń lu èèpo lábẹ́ àtíbàbà. Jẹ́ ká jáde."

"Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó?"

"Àwa méjèèjì ni," Vaimoana ní, ó sì fà á lọ́wọ́ dìde.